Ẹṣin Inú Fìlà Bàbá Wa

  Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìdílé wa ṣe àṣehàn ni a fi mú gègé. Olóòtú ló ní kí a kọ ọ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi owó ilé-ìwé ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù, ìyá kan dìde láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ní kí a má bá àwọn ọmọdé wí nìkan. Wọ́n ní ilé kan wà láàárín wa tí bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin pa pọ̀ láti ìgbà tí òyìnbó ṣì wà níbí, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn sọ ọ́.

Ilé wa ni wọ́n ń bá wí. Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín, àwa náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ń lọ sílé, a kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà gùn ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ tán.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá wa. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe tàn ká Òkè Ọya, tí wọ́n sì dé Gánà pàápàá, nítorí òwò. Bàbá wa kò mọ òwò ṣe rárá. Ìyá wa máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi Bàbá wa sídìí igbá iyọ̀, òjò ni yóò rà á. Akọ̀wé ni wọ́n. Ọkọ̀ rélùwéè ló gbé wọn dé Kaduna, wọ́n rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n gba yàrá méjì nínú agbo ilé tí Yorùbá, Ìgbò, Núpé àti Haúsá jọ ń gbé, wọ́n sì ránṣẹ́ sílé kí wọ́n mú ìyàwó wọn wá. Níbẹ̀ ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa sí.

Ní oṣù kejì ọdún 1956, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Kaduna. Àwọn ọba Òkè Ọya kó ẹṣin wọn àti àwọn ẹlẹ́ṣin wọn wá kí i ní pápá eré ẹṣin, èyí tí a ń pè ní Murtala Square lónìí. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí rẹ̀ láti orí èjìká Bàbá wa: eruku, kàkàkí, ẹṣin tí wọ́n da aṣọ pupa bò láti orí dé ìrù, àti àwọn ọkùnrin tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ bí ẹni pé wọn kò ní dúró, tí wọ́n á wá fa ìjánu lójijì níwájú Ọbabìnrin. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹṣin ti wọ Bàbá wa lára.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wàhálà dé. Àwọn òyìnbó ọ́fíìsì wọn ní àṣà kan. Eré ẹṣin ńlá kan wà ní ìlú wọn tí wọ́n ń pè ní Grand National, tí wọ́n máa ń sá ní Aintree lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liverpool lọ́dọọdún. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́. Ọdún 1839 ni ẹṣin kan tó ń jẹ́ Lottery borí níbẹ̀, orúkọ tó bá ọ̀rọ̀ wa òní mu gan-an. Kì í ṣe eré orí ilẹ̀ títẹ́jú lásán. Ó lé ní máìlì mẹ́rin, ọgbà 30 sì ni ẹṣin yóò fo, àwọn kan ga ju àyà ènìyàn lọ, àwọn mìíràn ní kòtò lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹṣin ni kì í parí rẹ̀. Ní ọ́fíìsì, wọ́n á kọ orúkọ ẹṣin kọ̀ọ̀kan sínú bébà kékeré, wọ́n á ká a, olúkúlùkù á san owó, á sì fa ọ̀kan láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá gbapò kìíní ló kó owó lọ. Ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn akọ̀wé aláwọ̀ dúdú sí i, ṣílè márùn-ún sì ni owó rẹ̀. Bàbá wa san án. Wọn kò sọ fún Ìyá wa.

Bébà tí Bàbá wa fà, Devon Loch ló wà nínú rẹ̀. Ẹṣin ìyá Ọbabìnrin ni! Ọbabìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní pápá! Bàbá wa kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ní Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù kẹta, gbogbo agbo ilé pé jọ sídìí rédíò aládùúgbò wa kan, Ìyá wa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n rò pé ìfẹ́ Ọbabìnrin ló gbé ọkọ àwọn dé ìdí rédíò. Devon Loch fo ọgbà kìíní, ó fo ìkẹwàá, ó fo ọgbọ̀n-ọ̀n. Kò sí ọgbà mọ́ níwájú rẹ̀, ó ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn, òpin ìje kù díẹ̀ báyìí. Ni ẹṣin bá na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó sì fi inú lélẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Àwọn kan ní ariwo èrò ló dẹ́rù bà á. Dick Francis tó gùn ún padà di òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹṣin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló kọjá lọ gba ipò kìíní, E.S.B. ni orúkọ rẹ̀.

Bàbá wa dá ọwọ́ lé orí, wọ́n ní, "Ṣílè márùn-ún mi!"

Ibẹ̀ ni Ìyá wa ti gbọ́. Owó ọbẹ̀ ilé wa fún ọjọ́ mélòó kan ni ṣílè márùn-ún nígbà náà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Ìyá wa pẹ̀lú, tẹ́tẹ́ jẹ́ èèwọ̀ létí wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò pé kí ni orúkọ ẹṣin tó borí, ó ní E.S.B. Ìyá wa yíjú sí Bàbá wa, wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú gbogbo èrò, wọ́n ní, "Ẹ Ṣé, Bàbá." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi owó ṣòfò nílé wa, ohun tí a máa ń sọ fún un nìyẹn.

Bàbá wa bá a lọ ní oṣù mélòó kan pé bí ẹṣin bá dá ni, a tún ẹṣin gùn ni. Ìyá wa ní kí wọ́n gun tiwọn nílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe àdéhùn kí ọdún 1957 tó pé, àdéhùn náà ni a ń tẹ̀ lé títí di òní. Bí wọ́n bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ ẹṣin, àárín ilé ni kí wọ́n ti ta á, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tọ́rọ́ kan lórí ẹṣin kan, ọmọdé àti àgbà, kò gbọdọ̀ lé. Owó kò gbọdọ̀ jáde nílé. Ẹni tó bá borí yóò mú ìdajì, ìdajì yòókù yóò bọ́ sínú kóló, Ìyá wa ni yóò sì máa tọ́jú kóló. Ìyá wa fúnra wọn kì í fa bébà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá wa tó jẹ́ Mùsùlùmí kì í fà á bákan náà. Wọ́n á mú tọ́rọ́ wọn wá, wọ́n á ní sàráà ni, wọ́n á jù ú sínú kóló, wọ́n á wá jókòó sídìí rédíò kí wọ́n má bàa pàdánù ohun kan. A kò rí ẹni tó ń pariwo tó wọn.

Fìlà abetí ajá Bàbá wa ni a máa ń kó bébà sí. Bàbá wa á da orúkọ àwọn ẹṣin kọ láti inú ìwé ìròyìn ní ọ́fíìsì, ọmọ tó kéré jù nílé ló máa ń fà á fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ayálégbé yòókù náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọdún 1967.

Ìdílé Ìgbò kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ìyá ibẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà. Láti 1957 ni wọ́n ti ń bá wa fa bébà. Ní 1966, lẹ́yìn ìpakúpa tí gbogbo wa mọ̀, wọ́n lọ. Òru ni wọ́n lọ, Bàbá wa ló sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti wọ ọkọ̀. Yàrá náà wà ní títì. Nígbà tí oṣù kẹrin 1967 dé, a rò pé Bàbá wa kò ní gbé fìlà jáde, nítorí kò sí ẹni tí ara rẹ̀ yá. Wọ́n gbé e jáde. Ẹṣin 44 ló ń sáré lọ́dún náà. Nígbà tí gbogbo ilé fà á tán, bébà kan ṣẹ́kù. Bàbá wa fi tọ́rọ́ kan lélẹ̀, wọ́n ní ti ìyá aláṣọ ni.

Àwọn tó fẹ́ràn eré ẹṣin mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin náà. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà kẹtàlélógún, ẹṣin kan tí ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ti já sílẹ̀ sá gba iwájú ọgbà kọjá, àwọn tó ń bọ̀ kọlu ara wọn, wọ́n ṣubú lu ara wọn, àwọn mìíràn kọ̀ láti fò. Ẹṣin kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, tó ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá, rí ọ̀nà láàárín wọn, ó fò ó, ó sì dá nìkan lọ. Foinavon ni orúkọ rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún sí ọ̀kan ni àwọn onítẹ́tẹ́ fi í sí, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fi tọ́rọ́ kan lé e yóò gba ṣílè 25. Orúkọ ẹṣin náà ni wọ́n fi ń pe ọgbà yẹn lónìí.

Bébà tó ṣẹ́kù fún ìyá aláṣọ ni.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹṣin 44 ní tọ́rọ́ tọ́rọ́ jẹ́ ṣílè 11. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ṣílè márùn-ún àti sísì. Bàbá wa fi bébà náà wé owó náà, wọ́n sì fi sínú kóló lọ́tọ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà. Ó parí ní oṣù kìíní 1970. Kí ọdún náà tó parí, ìyá aláṣọ padà wá wo ohun tó kù. Ọmọ wọn méjì kò sí mọ́. Bàbá wa lọ mú owó náà wá, wọ́n tú bébà rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ gbà, ẹṣin yín borí." Obìnrin náà wo Foinavon tó wà nínú bébà, wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá wa jókòó tì wọ́n. Àwọn ọmọ wọn tó kù ṣì ń bá wa fa bébà títí di òní.

Ìyá tó bá wa wí ní ìpàdé kò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹ rò pé ilé àwọn ẹni mímọ́ ni tiwa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ti kóló.

Owó tẹ́tẹ́ ló bí kóló, ṣùgbọ́n nígbà tí àwa ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó oṣù ló ń bọ́ sínú rẹ̀. A fẹ́ fi páànù tuntun bo ilé Bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí òjò ti ń dà sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá wa ti ń dàgbà, wọ́n gbé kóló fún ẹ̀gbọ́n wa àgbà pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn ló ní kí a kọ èyí sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kà á. Ní àkókò náà, pọ́ọ̀lù ti gba ìgboro kan. Gbogbo ènìyàn ló ń wá ọ̀mì nínú bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú náírà méjì tiwọn. Wọ́n jẹ ogún náírà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ogún náírà yẹn ló ba àwọn jẹ́. Ká ní wọ́n pàdánù níjọ́ náà ni, wọn ì bá ti dẹ́kun.

Ní oṣù kẹrin 1977, Red Rum borí ní Aintree lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn 1973 àti 1974, ẹṣin kan ṣoṣo tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìdùnnú gba ilé wa. Bàbá wa ní kí wọ́n ṣí kóló kí a ka owó, páànù ti tó rà. Igba ó lé ogójì náírà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bébà pọ́ọ̀lù ló kún inú rẹ̀, àti sílípọ́ọ̀lù kan tí wọ́n kọ sí pé "màá dá a padà".

Ẹ̀gbọ́n wa dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀sán títí di alẹ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi san án, oṣù dé oṣù, nínú owó iṣẹ́ wọn. Òjò ọdún mẹ́ta sì ni ó tún rọ̀ sínú ilé Ògbómọ̀ṣọ́ kí a tó kan páànù. Láti ìgbà náà, àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu kóló, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n wa kò mú ọ̀kankan rí, wọ́n ní àwọn kò fẹ́.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa máa ń sọ fún àwọn ọmọ nípa ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ rọrùn. Ká ní ọ̀dọ́ méjì fi ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan lélẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lórí orí tàbí ìrù owó. Ṣọ́ọ̀bù gba ẹgbẹ̀rún méjì, yóò san ₦1,900 fún ẹni tó jẹ, yóò sì mú ₦100. Wọn kò bìkítà ẹni tó jẹ. Bí àwọn ọ̀dọ́ méjì náà bá ń padà wá lójoojúmọ́, ₦100 yóò máa lọ lójoojúmọ́, títí gbogbo ẹgbẹ̀rún méjì yóò fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ kankan. Nínú fìlà Bàbá wa, kò sí ẹni kẹta. A kò sọ pé ìyẹn sọ ọ́ di ohun mímọ́. Pásítọ̀ ìjọ Ìyá wa kan sọ fún wọn nígbà kan pé tẹ́tẹ́ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ́, Ìyá wa sì dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni, àwọn ló sì ń ṣọ́ ọ.

Bàbá wa kú ní 1985. A rò pé àṣà náà yóò bá wọn lọ, ṣùgbọ́n Ìyá wa ló gbé fìlà jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ni wọ́n ṣe ìdájọ́ ọdún 1993. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún náà, okùn ìbẹ̀rẹ̀ ìje lọ́ mọ́ ẹlẹ́ṣin kan lọ́rùn ní Aintree, wọ́n ní kí wọ́n padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀, wọ́n sá a lọ. Esha Ness ló kọ́kọ́ dé òpin. Wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ nílé wa, nítorí ẹni tó fa Esha Ness ní ẹṣin òun ti sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò parọ́. Ìyá wa ní kí a dá owó olúkúlùkù padà fún un, wọ́n sì kà á sí wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, gbogbo wa tò sórí ìlà, a dìbò. Ní ọjọ́ 23, wọ́n fagi lé e. Ìyá wa wo rédíò, wọ́n ní àwọn ará Aintree kúkú dá owó padà.

A ò ní sọ púpọ̀ nípa ọdún 2000. Gbogbo ẹni tó wà ní Kaduna mọ ohun tí ojú rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agbo ilé náà tú ká. Àwọn kan nínú wa kọjá sí òdìkejì odò, àwọn méjì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan wà ní Jos. Láti ìgbà tí fóònù ti dé, orí fóònù ni a ti ń wo ọmọ tó kéré jù bó ṣe ń fa bébà nínú fìlà. Ní 2020, àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n sá ìje. Àwọn òyìnbó fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé rẹ̀, àwọn ọmọ ní kí a fi ìyẹn ta á, Ìyá wa ní ẹṣin tí kì í jẹ koríko kò lè jẹ owó àwọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Rachael Blackmore gun Minella Times, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó borí níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ Ìyá wa obìnrin ló fa bébà rẹ̀, ọmọ ọdún méje ni. Ìyá wa ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Wọ́n ní kí ọmọ náà fún àwọn ní bébà yẹn, wọ́n sì fi sínú Bíbélì wọn. Ibẹ̀ ni a ti rí i nígbà tí wọ́n sùn ní 2023. A tún ń lo àǹfààní yìí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún ìdúró yín níbi ìsìnkú náà, pàápàá àwọn obìnrin tó dáná, àti ìyá tó bá wa wí yìí, tí àwọn fúnra wọn se ìkòkò ẹ̀wà méjì.

Láti 2024, ẹṣin 34 ni wọ́n ń gbà láyè láti sáré, kí ewu lè dínkù. Ọgọ́rùn-ún náírà ni tiwa lórí ẹṣin kan báyìí, ẹni tó bá borí á mú ₦1,700, kóló á mú ₦1,700. Ẹni tó mọ ọjà lónìí mọ̀ pé kò sí ẹni tí èyí lè sọ di olówó tàbí tálákà. Ní oṣù kẹrin 2025, Nick Rockett ló borí. Patrick Mullins ló gùn ún, bàbá rẹ̀ Willie ló tọ́ ẹṣin náà dàgbà fún ìje. A rí i lórí fóònù bí bàbá náà ṣe ń sunkún nítorí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà dìde kúrò níbẹ̀, wọ́n lọ dúró lẹ́yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀.

A pe ìyá wa tó bá wa wí, a sì pe ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wá wò wá ní oṣù kẹrin tó ń bọ̀. Ẹ kò ní ta tẹ́tẹ́ bí ẹ kò bá fẹ́. Àga ẹ̀gbọ́n Bàbá wa ṣófo, ẹ lè jù ú sí kóló bíi tiwọn. Bí ẹgbẹ́ bá sì pinnu pé kí a dá a dúró nítorí àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n wá sọ ọ́ fún wa nílé, níwájú àwọn ọmọ, a ó gbọ́. A kò ṣèlérí pé a ó gbà.

Ní 2025 náà, nígbà tí gbogbo ènìyàn fà á tán, bébà kan ṣẹ́kù nínú fìlà. Àbúrò wa obìnrin fi ọgọ́rùn-ún náírà lé e, ó ní ti Ìyá wa ni, nítorí wọn kò fà á rí nígbà ayé wọn. Ẹṣin náà kò parí ìje. Gbogbo wa, láti Kaduna dé Jos dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó ka "mẹ́ta" kí a tó sọ ọ́ pa pọ̀ lórí fóònù: "Ẹ Ṣé, Bàbá."